Ṣé òwe "ọ̀rọ̀ àná" ló bá ìyípadà G'Kar mu?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí nìyí: nínú eré tẹlifíṣọ̀n Babylon 5, G'Kar, aṣojú àwọn Narn, ẹ̀yà kan láti ayé mìíràn, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọlọ̀tẹ̀ àti oníjàgídíjàgan, ó sì parí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ènìyàn ń wá ọgbọ́n lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé a lè fi òwe wa tó sọ pé "Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré" túmọ̀ ìyípadà náà? Ẹni tó béèrè ní òun gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan tó ń ṣàlàyé eré náà ní èdè Yorùbá, ó sì dùn mọ́ òun nínú.

Kò dùn mọ́ èmi nínú rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí rẹ̀. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé e lọ kì í ṣe ilé rẹ̀. G'Kar kò gbàgbé ohunkóhun láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Bí ó bá gbàgbé ni, ìtàn rẹ̀ kì bá tí ní láárí, nítorí ẹni tó ti gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ohun kan lọ́wọ́ mọ́ tí yóò fi jì ẹnikẹ́ni. Ìdáríjì ni ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, òun àti ìgbàgbé kì í sì í ṣe ọmọ ìyá.

Fún àwọn tí kò wo eré náà, J. Michael Straczynski ló dá a sílẹ̀. Fíìmù tó ṣáájú rẹ̀ jáde ní ọdún 1993, eré fúnra rẹ̀ sì lọ láti 1994 títí di 1998, ìpín 110 ní sáà márùn-ún, tí Straczynski fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ 92 nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ohun tí wọ́n gbìn ní sáà kìíní fi lè so ní sáà karùn-ún. Ibùdó ńlá kan ní òfuurufú ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí àwọn ikọ̀ láti oríṣiríṣi ayé ti ń pàdé kí ogun má baà bẹ́ sílẹ̀. Andreas Katsulas ló ṣe G'Kar, Peter Jurasik sì ṣe Londo Mollari, ikọ̀ àwọn Centauri. Àwọn Centauri ti fi ìgbà kan gba ilẹ̀ àwọn Narn, wọ́n sì sọ wọ́n di ẹrú lórí ilẹ̀ baba wọn, kí àwọn Narn tó lé wọn lọ. Nígbà tí G'Kar wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ tó ń ṣe ìránṣẹ́ nínú ilé Centauri kan da ohun mímu gbígbóná nù. Wọ́n so ó rọ̀ sórí igi fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi kú, ojú ọmọ rẹ̀ ló sì ṣe.

Nítorí náà, oró ló kún inú rẹ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ní ìpín àkọ́kọ́ sáà kìíní, àwọn Narn kọlu Ragesh 3, ìletò àwọn àgbẹ̀ Centauri, wọ́n mú ìbátan Londo kan lẹ́rú níbẹ̀, wọ́n sì fi tipá mú un kó sọ pé àwọn ará ìletò náà ló ránṣẹ́ pe àwọn Narn. G'Kar jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó gbèjà irọ́ yẹn láìmira. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kò jẹ̀bi rí.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí òwe. Ọ̀rọ̀ méjì ló gbé e ró, àná àti eré. Inú agboolé ni wọ́n bí i sí. Àwọn ọmọdé jà lálẹ́ nítorí òkòtó, ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún pàdé lójúde. Orogún méjì bú ara wọn nídìí kànga, síbẹ̀ wọ́n ní láti jọ dáná lọ́jọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ àná ni èyí tí ẹni tó jẹ̀bi lónìí lè jàre lọ́la, tí ẹnikẹ́ni kò sì sin òkú nítorí rẹ̀. Mi ò tíì rí àgbà tó mọ òwe í pa tó pa èyí fún ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ. Bí ẹnìkan bá dán an wò níbẹ̀, wọn yóò ní kó jókòó.

Ibi tí ìtumọ̀ G'Kar wà, lójú tèmi, kò ju bí ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì wà ní òpin sáà kejì, ní ọdún 1995. Lásìkò yẹn, àwọn Centauri ti fi àpáta ńláńlá láti òfuurufú run ayé àwọn Narn, ọ̀nà ogun tí gbogbo ayé ti jọ fòfin dè. Londo dúró lójú fèrèsé ọkọ̀ ogun, ó ń wo bí àpáta náà ti ń bọ́. Àwọn Narn túúbá. Òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wọn ni pé bí Centauri kan bá kú lọ́wọ́ wọn, Narn 500 ni wọn yóò pa dípò rẹ̀. Wọ́n lé G'Kar kúrò lórí àga rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀, ó di ìsáǹsá tó wá ibi ìsádi sí ibùdó náà.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá Vir nínú rẹ̀. Vir ni igbákejì Londo, ọlọ́kàn rírọ̀ tí kò fẹ́ ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Àwọn méjì péré ni, ilẹ̀kùn ti pa dé. Vir kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Nígbà tó yá, ó ní kí G'Kar má bínú, pé òun gbìyànjú láti bá wọn sọ ọ́, wọn kò gbọ́. G'Kar fa ọ̀bẹ yọ, ó fi ya àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa kán sílẹ̀. Bí ẹ̀kán kan bá ti bọ́, yóò sọ pé, "Òkú." Òmíràn bọ́, "Òkú." Ó ń kà wọ́n bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ Vir bí yóò ti ṣe tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Vir ní òun kò lè ṣe é. G'Kar ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun náà kò lè dárí jì.

Àwọn tó ń yára ṣàlàyé a máa sọ pé ìbínú ló ń bá a jà níbẹ̀, pé kò tíì yí padà nígbà yẹn ni. Mo sọ pé rárá. Òtítọ́ tó pé jù lọ nínú eré náà ló sọ lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ohun rere tó sì ṣe lẹ́yìn rẹ̀, orí òtítọ́ yẹn ló kọ́ ọ lé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní èdè wa. Foríjì: fi orí jì. Dáríjì: dá orí jì. Orí wà nínú méjèèjì. Ohun tí a bá fi jì ènìyàn, a ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un nìyẹn, a kò tún lè bi í mọ́. Èrò tèmi, tí mo ti ń tẹnu mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ni pé ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ ti fi orí rẹ̀ sí ọ lọ́wọ́. Ìwọ lo di orí rẹ̀ mú. Nígbà tó bá ní kí o fi orí jì òun, ohun tó ń bẹ̀ fún ni kí o dá orí òun padà fún òun. Bíbélì Yorùbá pàápàá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú Àdúrà Olúwa ni pé kí Ó dárí gbèsè wa jì wá. Gbèsè ni. Ta ló lè yọ̀ǹda gbèsè bí kò ṣe ẹni tí a jẹ ẹ́? Mi ò lè lọ bá ẹni tó jẹ aládùúgbò mi lówó kí n sọ fún un pé mo ti fi jì í. Àwọn tó wà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn ló di orí àwọn Centauri mú, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ọ̀run. G'Kar kò ní in lọ́wọ́ láti dá a padà.

Mo rí ohun kan náà lójú ara mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fà sẹ́yìn lójúde agboolé wa, ó sì pa ọmọ bàbá àgbà kan. Nígbà tí ó di ọjọ́ díẹ̀, àwọn ẹbí awakọ̀ náà wá ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Òjò ti rọ̀ lálẹ́, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀, inú ẹrẹ̀ náà ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí, awakọ̀ wà láàárín wọn, ó fi fìlà rẹ̀ sábẹ́ àyà. Bàbá náà jókòó sórí àpótí, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí wọ́n sọ nígbẹ̀yìn ni pé, "Tèmi, mo fi jì yín. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ wà nínú yàrá. Tirẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi." Kò sí ẹni tó rò pé bàbá náà le. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí, awakọ̀ sì dìde, ó fi ẹrẹ̀ ara rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Bí ẹ bá ti gba èyí, gbogbo ìtàn G'Kar yóò là yín lójú. Ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ti Vir ni mo ti sọ yìí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ti Turhan, ọba àwọn Centauri, nínú "The Coming of Shadows," ìpín tó gba ẹ̀bùn Hugo ní ọdún 1996. G'Kar ti pinnu láti pa á lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àìsàn gbé ọba dè kó tó débẹ̀, ó sì rán dókítà sí G'Kar pé torí kí òun lè sọ pé kí ó má bínú sí ohun tí àwọn baba òun ṣe ni òun fi rin ìrìn àjò náà. G'Kar sáré wá Londo lọ, ó ra ọtí fún un, ó ní kí wọ́n jọ mu ún fún àlàáfíà ọba. Londo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àṣẹ tó fi kọlu ìletò àwọn Narn ti jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ àtọkànwá ni ti ọba, ṣùgbọ́n Londo tí G'Kar ra ọtí fún kọ́ ló bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti Londo fúnra rẹ̀, kò sì wáyé títí di ọdún 1998, ní sáà karùn-ún. Cartagia, ọba aṣiwèrè tó jẹ lẹ́yìn Turhan, ti ní kí wọ́n na G'Kar lẹ́gba níwájú gbogbo ààfin. Bí kò bá ké kó tó pé ogójì, wọn yóò pa á. Londo wà níbẹ̀, kò fọhùn. Nígbà tí ọkàn Londo wá fẹ́ dáwọ́ dúró, tó wà láàárín ikú àti ìyè, ọjọ́ ẹgba yẹn ni ìran rẹ̀ gbé e padà lọ, kò sì ríbi kọjá títí ó fi sọ pé kí G'Kar má bínú. Ẹ kíyè sí i pé kò bẹ̀bẹ̀ fún ìlú rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ sí ẹnìkan ṣoṣo ni, ẹni náà sì wà láàyè.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n ń dágbére fún ara wọn lẹ́yìn tí àwọn Narn àti àwọn Drazi, ẹ̀yà mìíràn nínú eré náà, ti ju bọ́ǹbù sí ìlú àwọn Centauri, ohun tí G'Kar sọ fún un ni pé àwọn ènìyàn òun kò lè dárí ji àwọn ènìyàn Londo láé, ṣùgbọ́n òun lè dárí ji Londo. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà lórí àpótí gan-an nìyẹn. Ẹni tó sọ pé G'Kar ti gbàgbé ọ̀rọ̀ àná kò gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn náà.

Àwọn kan ń sọ pé oògùn Dust tó lò ní sáà kẹta, tó fi rí ìran bàbá rẹ̀, ló yí i padà. Ìran náà ràn án lọ́wọ́, ó sì jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀san yóò pa tọ̀tún tòsì run. Mi ò ní fi ọjọ́ ṣòfò lórí rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé a ti sọ òwe àwọn baba wa di ọ̀pá tí a fi ń lé ẹni tí ara ń ta kúrò láàárín àwùjọ. Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹnìkan yóò ti sọ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, láìsí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, láìsí ẹni tó jẹ́wọ́. Àwọn kan náà ló gbàgbé pé a ní òmíràn tó sọ pé ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ṣùgbọ́n ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Wọn kì í pa ìyẹn mọ́, ó ń kan wọ́n lára. Bí ẹ bá fẹ́ òwe fún G'Kar, èyí ni kí ẹ mú.

Ẹ tún wo ojú rẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére náà. Cartagia ti ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú wọn nítorí pé ó kórìíra bí G'Kar ṣe ń wo òun, àwọn dókítà ibùdó sì ti fi ojú àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Ojú yẹn ló wà lórí rẹ̀ nígbà tó wo Londo, tó sì fi orí rẹ̀ jì í.