Ṣé òótọ́ ni pé mílíìkì ọmọ lè fa mẹningáítìsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oṣù ẹ̀ ò pé kí n tó bí i, a ń fi mílíìkì alágolo kún ọmú fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ní kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ṣóòótọ́ ni? – Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá wa. Òótọ́ ni, àmọ́ kò wọ́pọ̀ rárá. Cronobacter lorúkọ kòkòrò náà, ó lè fa mẹningáítìsì, ìyẹn àrùn tó ń mú kí awọ tó bo ọpọlọ wú, ó sì lè pẹ́ gan-an nínú nǹkan gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè pa gbogbo kòkòrò inú mílíìkì tó dà bí ìyẹ̀fun tán. Ní February 2022, Abbott, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mílíìkì ọmọ, kó mílíìkì tí wọ́n ṣe ní Sturgis, ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, kúrò lọ́jà tìtorí ẹ̀. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù méjì àtàwọn tí oṣù wọn ò pé bíi tiyín ló máa ń bá jà jù, ìyẹn ló jẹ́ kọ́rọ̀ yín ká mi lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fomi tútù po ó o. Ẹ se omi kó hó, kó má ju ìṣẹ́jú 30 lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi po mílíìkì, torí omi tó gbóná tó 70°C ló ń pa á, kẹ́ ẹ wá ki fídà bọ omi tútù títí á fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Tó bá ti ju wákàtí méjì lọ tẹ́ ẹ ti pò ó, ẹ dà á nù. Tí ara ọmọ bá gbóná tàbí tó tutù jù, tí ò mu ọmú, tí àwùjẹ̀ ẹ̀ wú tàbí gìrì mú un, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró se àgbo kankan.