Orúkọ àdúgbò wa wà nínú ìwé ìnáwó ìjọba: ṣé kí n tajà láwìn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ṣìmẹ́ńtì àti irin ni mò ń tà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Agbaṣẹ́ṣe kan fẹ́ kó ọ̀ọ́dúnrún àpò ṣìmẹ́ńtì lọ́wọ́ mi láwìn. Ó ní ìjọba ìpínlẹ̀ fẹ́ ṣe gọ́tà àti afárá kékeré sí àdúgbò wa, pé tí wọ́n bá ti sanwó fóun, òun á san tèmi. Fọ́tòkọ́pì ojú ìwé kan ló fi sílẹ̀ fún mi. Orúkọ àdúgbò wa wà níbẹ̀, iye owó wà níwájú rẹ̀, wọ́n sì kọ ESTIMATES gàdàgbà sókè. Ó ní òfin ni. Ṣé lóòótọ́? Tí kò bá san, ṣé mo lè fi ìwé yìí pe ìjọba lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Màmá. Ó dára tí ẹ bi mí kí ẹrù tó jáde. Ọ̀pọ̀ tó ń wọ ọ́fíìsì mi, ìgbà tí ṣìmẹ́ńtì bá ti di gọ́tà ni wọ́n ń wá.

Ojú ìwé yẹn kì í ṣe òfin. Ìṣirò ìnáwó ni wọ́n ń pè ní estimates. Àwọn oníròyìn wa máa ń pè é ní àbá ìṣúná, "àbá" yẹn gan-an ni kí ẹ dì mú. Abala 121 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló ní kí gómìnà ṣírò iye tó máa wọlé fún ìpínlẹ̀ àti iye tó máa jáde lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì tẹ́ ẹ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹ rántí ìgbà tí ẹbí bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó: ẹnì kan á mú bébà, á kọ ìrẹsì àpò mẹ́wàá, màlúù kan, àga, kánópì. Bọ̀ọ̀dá àgbà á ní màlúù ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ á fi ewúrẹ́ méjì rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ta ìrẹsì tó lè di bébà yẹn mú pé ẹ jẹ òun lówó àpò mẹ́wàá.

Ní Ìbàdàn náà, aṣòfin 32 ló máa jókòó lé ìṣirò yẹn lórí. Wọ́n lè gé e, wọ́n lè yí i padà. Àkọlé ìnáwó inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó bọ inú àbádòfin ìṣúná. (Owó oṣù gómìnà àti tàwọn díẹ̀ mìíràn kì í bá wọn wọ ibẹ̀; ìwé òfin ti gbé e ka àpò ìjọba tààrà. Àwọn yẹn kì í tajà láwìn.) Ìgbà tí ilé bá fọwọ́ sí àbádòfin náà, tí gómìnà sì buwọ́ lù ú, ló tó di òfin.

Kó tilẹ̀ wá di òfin, kí ló ń ṣe? Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, títí kan àwọn kan nínú àwa tá a kàwé òfin. Abala 120 ló ní kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde nínú àpò ìpínlẹ̀ láìsí àṣẹ irú òfin bẹ́ẹ̀. Àṣẹ àtináwó nìyẹn, pẹ̀lú ààlà: ẹ lè ná tó báyìí, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Kò sọ ọ́ di gbèsè sí ọrùn ìjọba. Bí owó ò bá wọlé tó bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ á jókòó síbi tó wà. Bí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ò bá sì tó, gómìnà á tún gbé àfikún àbá lọ bá àwọn aṣòfin.

Ẹ wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dáadáa. Òpó owó mẹ́ta ló wà níwájú orúkọ àdúgbò yín. Ti àkọ́kọ́ ni iye tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, mílíọ̀nù 18 náírà. Ti àárín ni iye tí wọ́n ná gan-an láti oṣù kìíní dé oṣù kẹsàn-án. Kí ló wà níbẹ̀? Dáàṣì kan ṣoṣo. Odindi oṣù mẹ́sàn-án, nǹkan kan ò jáde. Ẹ̀kẹta ni àbá tọdún yìí, mílíọ̀nù 24. Ìwé tí ọkùnrin yìí fi ń fọ́nnu ló ń jẹ́rìí takò ó.

Iṣẹ́ ìpínlẹ̀ ni ti àdúgbò yín. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní tiẹ̀, tìjọba àpapọ̀ ni, Àbújá ni ìṣirò tiẹ̀ ń lọ, lábẹ́ abala 81. Ẹni tó bá ti ń gba ọ̀nà yẹn tipẹ́ mọ̀ pé orúkọ ọ̀nà lè wà nínú ìwé kí katakátá má tíì débẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe yín tún lè sọ pé bí òfin ìṣúná ọdún yìí ò tilẹ̀ tíì jáde, ìjọba lè máa náwó lọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: abala 122 gba gómìnà láyè fún oṣù 6, ó pẹ́ tán. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ná ò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tí òfin ọdún tó kọjá yọ̀ǹda fún irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti pípe ìjọba lẹ́jọ́, rárá. Ìjọba ò bá yín ṣàdéhùn kankan. Agbaṣẹ́ṣe ló rajà lọ́wọ́ yín, òun lẹ ó mú. Kí ìjọba má tíì sanwó fún un ò ní kó má san tiyín, àfi tí ẹ bá ti gbà fún un pé títí ìjọba á fi san lẹ ó dúró. Ohun tó sì ń wá lẹ́nu yín nìyẹn o!

Ẹ ní kó mú ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún un wá, èyí tó ní orúkọ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fún un lówó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lè kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ tó ni iṣẹ́ náà láti mọ̀ bóyá wọ́n ti gbé e fún ẹnikẹ́ni. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti dá yín lóhùn. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ gba ìdajì owó ṣáájú, kí ẹ kọ ọjọ́ tó máa san ìyókù sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn "tí ìjọba bá sanwó" wọ inú ìwé yẹn rárá.

Tó bá ní fọ́tòkọ́pì yẹn náà ti tó, ẹ dá a padà fún un, kí ẹ ta ọ̀ọ́dúnrún àpò yín fún ẹni tó mú owó dání.