Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ohùn Ẹ̀rọ Awárin Lórí Ilẹ̀ Tó Kún fún Pàǹtí

Ìbéèrè lórí ẹ̀rọ awárin, èyí tí a fi ń wá owó ẹyọ, òrùka àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà yín lóṣù yìí, ibì kan náà sì ni gbogbo wọn forí lé: ẹ̀rọ ń ké, ẹni tó gbé e dání kò mọ èyí tó yẹ kóun gbẹ́. Bí a bá sọ pé irin nínú ìdáhùn wa, èyí tí òòfà ń fà tó sì ń dógùn-ún la ní lọ́kàn. Bàbà, idẹ, fàdákà, wúrà, òjé àti àlùmíníọ́mù, orúkọ wọn la ó máa pè wọ́n.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Lórí pápá tó mọ́, ẹ̀rọ mi ń ṣe dáadáa. Bí mo bá gbé e dé àyíká ilé tó ti wó báyìí, ńṣe ló ń ké láìsinmi, tí nọ́ńbà ń fò sókè sódò. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́. Ilé tó bá wó máa ń fi ìṣó, wáyà, àgékù páànù àti ìdè ilẹ̀kùn sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, kọ́ìlì yín, ìyẹn àwo pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, sì ń bá mẹ́ta mẹ́rin pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ńbà ló ń sọ irú nǹkan tó ṣeé ṣe kó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo sì ni ojú ẹ̀rọ lè gbé jáde, ló bá ń po gbogbo wọn pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dín agbára ìgbọ́ rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yí i dé òpin kó lè gbọ́ nǹkan tó jìn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbọ́ èyí tó jìn náà ló ń gbọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé kọ́ìlì sókè láìmì í. Bó bá ṣì ń ké, iná mànàmáná tàbí fóònù tó wà nítòsí ló ń dà á láàmú, ẹ máa dín in títí á fi dákẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ̀ ọ́ dé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ mú ẹ̀rọ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ wá ibi tí kò ti sí irin rárá, kódà bó jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ méjì péré, kí ẹ máa gbé kọ́ìlì sókè sódò láti bíi sẹ̀ǹtímítà 3 sí 30 títí tí ohùn rẹ̀ yóò fi rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ṣe èyí lórí ìṣó, ìṣó ni ẹ̀rọ máa kà sí ilẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì sọ lẹ́yìn náà kò ní ṣeé gbára lé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ rọra. Ẹ máa fi kọ́ìlì gba ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ojú ibi tí ẹ ń gbà báyìí sì bo ìdajì èyí tí ẹ gbà kọjá. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbọ́ irin kan, ó nílò àkókò kúkúrú kó tó lè gbọ́ òmíràn. Bí ọwọ́ yín bá yá jù, owó ẹyọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó ti kọjá kí ẹ̀rọ tó sọjí. Àwọn ẹ̀rọ kan ní ibi tí a ti lè mú kí ìsọjí yìí yára sí i. Ẹ gbé e sókè lórí ilẹ̀ onípàǹtí, kí ẹ sì mọ̀ pé ó máa gba díẹ̀ lára jíjìn tí ẹ̀rọ lè gbọ́ dé.

Ìbéèrè: Ohùn òkè, ìyẹn ohùn tín-ínrín, tó mọ́ kedere ni mo gbọ́, nọ́ńbà sì ga bíi ti fàdákà. Mo gbẹ́ ilẹ̀ dé igbọ̀nwọ́, ìṣó ńlá tó ti tẹ̀ wọ́ ni mo bá níbẹ̀. Kí ló dé tí irin fi ń parọ́ fún mi?

Ìdáhùn: Ìwà méjì ni irin ń hù níwájú kọ́ìlì. Òòfà ń fà á, ìyẹn ló ń mú ohùn ìsàlẹ̀ wá. Iná mànàmáná sì tún ń yí po nínú rẹ̀ bí kọ́ìlì ṣe ń kọjá, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń yí po nínú fàdákà. Ìṣó tín-ínrín kò ní àyè púpọ̀ tí iná lè yí po sí, nítorí náà ìwà àkọ́kọ́ ló ń borí. Bí irin bá tóbi, bó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bó bá ní ihò láàárín bíi wáṣà, tàbí bí ìṣó bá tẹ̀ kọdọrọ, ìwà kejì á gbilẹ̀, ẹ̀rọ á sì gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun òkè. Ìdí nìyí tí irọ́ irin fi sábà máa ń jókòó ti fàdákà tàbí kó tilẹ̀ kọjá rẹ̀.

Àyẹ̀wò tó dára jù ni ti òòró àti ìbú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn náà nígbà tí kọ́ìlì ń gba òòró, ẹ rìn yí i ká títí tí ẹ ó fi lè gbà á ní ìbú. Owó ẹyọ tó dá wà máa dáhùn bákan náà níbi gbogbo, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ní fò ju méjì mẹ́ta lọ. Irọ́ irin máa ń já, á kùn, tàbí kó dákẹ́ pátápátá bí ẹ bá yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀, nítorí owó ẹyọ tí ìṣó dúró tì náà lè dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni ojú ibi tí ohùn ti ń wá. Nígbà tí ẹ bá gba òòró, ẹ fi igi kékeré sàmì sí ojú ibi tí ohùn òkè ti dún. Ẹ gbà á ní ìbú, kí ẹ tún sàmì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tọ́ka ojú ibẹ̀ gan-an. Bí ohùn òkè náà bá wà lójú kan, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ló ti dún, ẹ gbẹ́ ẹ. Bí àmì àkọ́kọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 jìnnà sí ibi tí bọ́tìnnì tọ́ka sí, orí tàbí ìdí ìṣó lẹ gbọ́. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tó wà, èyí la fọkàn tán jù, ó sì yẹ kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ronú àtira ẹ̀rọ míì.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi DISC, ibi tí a ti ń yan ohun tí ẹ̀rọ kò ní ké sí, pa gbogbo irin lẹ́nu mọ́ kí n lè sinmi. Ẹlòmíràn ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ti ẹnì kejì. Bí ẹ bá pa irin lẹ́nu mọ́, irin kò kúrò nílẹ̀, ẹ̀rọ sì ṣì ń bá a pàdé. Ó kàn ń dákẹ́ nígbà tó bá wà lórí rẹ̀ ni, dídákẹ́ yẹn á sì gbé ohun rere tó wà nítòsí mì. Ẹ̀yin á rò pé ilẹ̀ mọ́ níbi tí irin ti pọ̀ jù.

Ọjọ́ ìṣòro yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1881, Alexander Graham Bell lo ẹ̀rọ awárin láti wá ọta ìbọn tó wà lára James Garfield, Ààrẹ Amẹ́ríkà, kò sì rí i. Irin tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì tí aláìsàn náà sùn lé wà lára ohun tó da ẹ̀rọ náà rú.

Ẹ jẹ́ kí irin máa fọhùn, ṣùgbọ́n kó fọhùn jẹ́jẹ́. Tí ẹ̀rọ yín bá ní ohùn mẹ́ta, ẹ fi ìsàlẹ̀ fún irin, àárín fún nǹkan bí àlùmíníọ́mù àti òrùka, òkè fún bàbà àti fàdákà. Bó bá ní ibi tí a ti ń dín ohùn irin nìkan kù, ẹ dín in títí á fi dà bí ìkùn abẹ́lẹ̀. Ẹ lo hẹ́dífóònù. Ohùn òkè kúkúrú tó yọ láàárín ìkùn irin ni ẹ ń wá, etí lásán kì í sì í gbọ́ ọ nínú atẹ́gùn.

Ẹ fi ojú ara yín rí i. Lórí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ fi owó ẹyọ bàbà kan lélẹ̀, kí ẹ fi ìṣó tó ti dógùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ gbà á kọjá. Ẹ sún ìṣó náà mọ́ ọn dé 5, lẹ́yìn náà 2. Ẹ kọ́kọ́ gbà á pẹ̀lú DISC tó pa irin lẹ́nu, kí ẹ tún gbà á láìlo DISC. Ẹ fi ìṣó kejì sí òdìkejì owó náà, kí ẹ máa yí i ká. Ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń kúrú, bó ṣe ń já, àti ibi tí ó ti ń pòórá. Ìkẹyìn ni kí ẹ gbé ìṣó sókè díẹ̀ ju owó lọ: ẹ ri owó mọ́lẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ fi ìṣó sórí ilẹ̀ lókè rẹ̀. Èyí ló le jù, òun ló sì sún mọ́ bí nǹkan ṣe rí gan-an nínú ilẹ̀ ilé àtijọ́.

Ìbéèrè: Etí agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èyí tí a fi ń ṣí i, ń sọ mí di ẹrú. Báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́ sílẹ̀ kí n má sì pàdánù òrùka wúrà?

Ìdáhùn: Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣe é. Òrùka wúrà lè bọ́ sí ibikíbi láti ọ̀dọ̀ bébà fóìlì títí dé itòsí bàbà, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe nípọn sí àti bí wúrà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Etí agolo wà láàárín ibẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ti nọ́ńbà etí agolo pa, ẹ ti ti òrùka kan pa pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ mọ nọ́ńbà tó ń pọ̀ jù níbi tí ẹ wà. Ẹ gbẹ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó bọ́ sí àárín, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Bí méje nínú wọn bá jẹ́ irú etí agolo kan náà tí nọ́ńbà wọn kò yàtọ̀, ẹ lè fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ dé ìgbẹ̀yìn, kí ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ gbogbo èyí tó yàtọ̀ sí i. Agolo odindi kò ṣòro: ẹ gbé kọ́ìlì sókè bíi sẹ̀ǹtímítà 30, bó bá ṣì ń ké tagbáratagbára, nǹkan ńlá ni. Àgékù agolo tí ẹ̀rọ ìgékoríko ti gé wẹ́wẹ́ ló burú jù, nítorí nọ́ńbà rẹ̀ ń yí padà bí ìwọ̀n àgékù kọ̀ọ̀kan bá ṣe rí.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: òrùka tó já máa ń fún yín ní nọ́ńbà tó kéré gan-an, nítorí iná kò lè yí i po mọ́. Ẹ̀wọ̀n ọrùn náà bẹ́ẹ̀. Ìka kékeré kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tàbí ìkọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ń rí, kì í rí odindi ẹ̀wọ̀n.

Ìbéèrè: Ìdérí ìgò onírin ń kọ sí mi bí owó. Ǹjẹ́ ọgbọ́n kan wà?

Ìdáhùn: Ó wà, bí kọ́ìlì yín bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní DD. Ojú ìgbọ́ rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, láti orí kọ́ìlì títí dé ìdí rẹ̀. Ẹ gba orí nǹkan náà kọjá ní kúkúrú kúkúrú, kí ẹ sì máa fa kọ́ìlì sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí tí orí rẹ̀ nìkan yóò fi máa kàn án. Owó ẹyọ máa dákẹ́ pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi bẹ̀rẹ̀. Ìdérí ìgò máa ń ya, á kùn bí irin kó tó dákẹ́. Kọ́ìlì alóbìírípo, èyí tí wọ́n ń pè ní concentric, kì í tètè gba irọ́ irin pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ní èròjà irin púpọ̀ máa ń dà á láàmú ju DD lọ.

Ìbéèrè: Ṣé kọ́ìlì ńlá ni kí n rà?

Ìdáhùn: Fún pàǹtí, rárá. Sẹ̀ǹtímítà 28 ló sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá. Èyí tó jẹ́ 13 sí 15 ni kí ẹ wá. Ẹ ó pàdánù díẹ̀ lára jíjìn, ẹ ó sì máa pẹ́ kí ẹ tó parí ilẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ ó lè wọ àárín ìṣó méjì.

Ìbéèrè: Mo ti gba ilẹ̀ kan kọjá ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan mọ́. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ wọn mítà méjì sí méjì, kí ẹ gbẹ́ gbogbo ohun tó bá ké níbẹ̀, títí kan irin. Ẹ fi òòfà líle wọ́ erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde, á kó ìṣó wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un gbà. Owó tí ìṣó ti ń bò máa ń fọhùn nígbà tí ìṣó bá ti kúrò. Gbogbo ihò tí ẹ bá ti yọ nǹkan nínú rẹ̀, ẹ tún fi kọ́ìlì wò ó kí ẹ tó dí i, nítorí èkejì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ tàbí lára ògiri ihò náà.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́, ẹ sì wádìí òfin ìlú yín lórí ohun àtijọ́. Bí ohun tí ẹ rí bá jọ ọta àgbá tàbí bọ́ǹbù, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ kúrò, kí ẹ sì pe ọlọ́pàá.