Béèrè Lọ́wọ́ Mẹkáníìkì: Síìlì Tuntun, Ọ́ìlì Sì Tún Ń Jò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́rì 911 tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń kó pákó láti Ifẹ̀wàrà lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ́ìlì ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Wọ́n ti pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì, kò pẹ́ tó fi tún bẹ̀rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni? — Ìyá Onípákó, Ifẹ̀wàrà

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan o. Síìlì, ìyẹn òrùka tó ń dá ọ́ìlì dúró níbi tí ọ̀pá ti ń jáde, kì í dédé bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Nǹkan kan ló ń pa á, nǹkan ọ̀hún ni kò tíì sẹ́ni tó wá a.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ọ́ìlì tó ń jò, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì dísù máa ń dúdú. Ti jíà ki jù ú lọ, ó sì ń rùn bí imí ọjọ́. Bó bá jẹ́ ti jíà, a jẹ́ pé síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì ló ń jò, gbogbo owó tí ẹ ti ná kò kan ibẹ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yẹ páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí wò lójú yín, kí wọ́n tó tú ohunkóhun. Eruku àti ọ́ìlì máa ń lẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ títí yóò fi dí pa. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì kò bá ríbi gbà jáde, ètè síìlì ni yóò tì, ọ́ìlì á sì bá a jáde. Kí wọ́n fi dísù fọ páìpù náà mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ríǹgì tó yí písítìn ká ti jẹ. Síìlì mẹ́wàá kò lè dúró níbẹ̀, àfi tí wọ́n bá ṣe ríǹgì.

Ó tún ku kiráǹkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ọmọṣẹ́ kan máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó máa fi í sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tẹjú mọ́ púlì tó wà níwájú kiráǹkì. Bí púlì bá ń lọ síwájú, tó ń padà sẹ́yìn, wáṣà tó ń dá kiráǹkì dúró ti jẹ nìyẹn. Kiráǹkì tó ń mì kò lè bá síìlì gbé.

Búùṣì tàbí bẹ́ríǹ kékeré kan tún wà nídìí kiráǹkì, òun ló gba orí ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì. Bó bá ti gbòòrò, ọ̀pá á máa gbọ̀n, síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì ló sì máa forí fá a. Kò wọ́n. Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo bá rí i tí wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì ńlá bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, tí wọ́n fi búùṣì ògbólógbòó sílẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n tún gbé e padà.

Nígbà tí wọ́n bá yọ síìlì, kí wọ́n nu ojú irin tí ètè rẹ̀ ń kàn, kí wọ́n fi èékánná wọ́ ọ. Bí èékánná bá há, síìlì àtijọ́ ti gbẹ́ irin níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ yẹn, ojú gbẹ́rẹ́ kan náà ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gbé e lé. Bí àyè bá wà, kí wọ́n tì í wọlé díẹ̀ sí i kí ètè rẹ̀ bọ́ sójú tó dán. Bí kò bá sí, àwọn tó ń gbẹ́ irin lè bá yín fi òrùka tín-ín-rín bo ibẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ okùn híhun ni síìlì ẹ̀yìn wọn, ìlàjì lókè, ìlàjì nísàlẹ̀. Bí ti yín bá jẹ́ irú èyí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n sọ kiráǹkì kalẹ̀. Bí wọn kò bá sọ ọ́ kalẹ̀, tìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe.

Bó bá jẹ́ ti rọ́bà, ẹ mú ògbólógbòó dání lọ sọ́jà. Nọ́ńbà mẹ́ta máa ń wà lára rẹ̀: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta, àti nínípọn. Ẹ tẹ ètè tuntun wò. Bó bá ti le gan, ó ti pẹ́ jù lórí àtẹ, ẹ dá a padà fún wọn. Bí wọ́n bá ń fi í sí i, ẹ̀gbẹ́ tó ní sípíríǹgì ni kó kọjú sí ọ́ìlì, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa ètè rẹ̀ kó má baà gbẹ wọlé.

Ìbéèrè: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi búùṣì tuntun sórí kọnrọ́ọ̀dù lọ́rì mi, ó sì tún ń dún kó-kó. — Dírẹ́bà kan, Iléṣà

Ìdáhùn: Àbúrò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kíá, ẹ má fi ru ẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Kí wọ́n wò ó bóyá ihò ọ́ìlì ara búùṣì bá ti kọnrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kiráǹkì, mu. Bí kò bá bá a mu, píìnì tó gba inú písítìn àti búùṣì kọjá kò rí ọ́ìlì mu. Kí wọ́n tún wò ó bóyá wọ́n gbẹ́ inú búùṣì náà dé ìwọ̀n píìnì. Bí wọ́n bá fi àtàǹpàkò ti píìnì, kó yọ́ wọlé. Bí wọ́n bá da búùṣì dorí kodò, kí píìnì má já bọ́.