Ẹ má pe kòkó mímu ní ọ̀tá kọfí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe kòkó mímu tà, tẹ́ ẹ ń ráhùn pé àwọn ilé kọfí n'Íbàdàn ń dá yín padà, pé kọfí nìkan ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Wọ́n máa gba kòkó mímu lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tí mò ń jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ yéé sọ fún wọn pé kó rọ́pò kọfí. Ẹni tó fowó ńlá ra ẹ̀rọ kọfí kò ní fẹ́ gbọ́ ọ.

Àkókò ló ń ba ẹni tó ń po ohun mímu níbẹ̀ lẹ́rù. Kọfí ń jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Kòkó téèyàn ń rò lórí iná kò lè bá a sáré nígbà tí èrò bá tò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bí ìdajì wóró kòkó ló jẹ́ ọ̀rá. Tẹ́ ẹ bá kàn dà á sómi, ọ̀rá á léfòó, ìyókù á rọ̀ sísàlẹ̀ ife. Èmi máa ń lọ̀ ọ́ títí á fi ṣàn, màá wá dà á kó dì ní wẹ́wẹ́, ẹyọ kan fún ife kan, bíi gíráàmù 25 sí 30. Omi gbígbóná díẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi pò ó kó ki, wọ́n á lù ú dáadáa, kí wọ́n tó da mílíìkì tí ẹ̀rọ kọfí wọn ti gbóná sí i. Ẹ dúró tì wọ́n láàárọ̀ kẹ́ ẹ jọ ṣe é, títí ọwọ́ wọn á fi mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ má lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata o.

Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tún ń bẹ. Kòkó tí wọ́n sá sórí títì ọlọ́dà tàbí tí wọ́n fi iná gbẹ máa ń rùn èéfín, ṣúgà ò sì lè bo òórùn yẹn. Ẹ bá àgbẹ̀ kan ní Ìdànrè tàbí Ilé-Olújì ṣàdéhùn kó tó ká a: kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ 5 sí 7, kó máa yí i, kó sì sá a sórí ẹní tó ga nílẹ̀. Ẹ san ju iye tí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ń san lọ. Nígbà tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là lágbàáyé ní December 2024, àwọn tí mo ti ń san àlékún fún tipẹ́ ló ṣì fi tèmi sílẹ̀ fún mi.

Lọ́sàn-án ni kẹ́ ẹ tà á, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò fẹ́ kọfí mọ́ nítorí oorun alẹ́, tí ilé kọfí sì dá. Ẹ má purọ́ pé kò ní caffeine, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun lọ, rárá. Ó ní díẹ̀, ṣùgbọ́n theobromine, èròjà tó jọ ọ́ àmọ́ tí kò lágbára tó o, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ń dùn mí gan-an pé èèyàn lè jókòó ní Dùgbẹ̀, nítòsí Ilé Kòkó tí wọ́n fi owó kòkó kọ́ parí ní 1965, kó má rí ife kòkó gidi kan rà. Ìdí tí mi ò fi ní jẹ́ kẹ́ ẹ jáwọ́ nìyẹn.

Ọjà ọ̀sẹ̀ kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé fún wọn, kẹ́ ẹ sì gbowó yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀.