Ṣé Kì Í Ṣe Kí Wọ́n Gbin Òmíràn Ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, olùkọ́ ni mí. Mo ka àyọkà kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nípa kelp, ewéko ńlá tí ó máa ń di igbó nínú òkun, àti bí ó ṣe run ní etíkun Amẹ́ríkà. Ọ̀kan nínú wọn ní, bí ó bá kú, ṣé kì í ṣe kí wọ́n gbin òmíràn ni? N kò rí èsì fọ̀ fún un. — Olùkọ́ kan, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì bá wa kí ọmọ náà, nítorí ìbéèrè gidi ni ó bi yín. Àgbẹ̀ tí ewúrẹ́ jẹ àgbàdo rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé kò ní gbin òmíràn láìkọ́kọ́ ṣọgbà.

Ní àríwá Kalifóníà, ohun tí ń jẹ kelp ni sea urchin, ẹranko kékeré tí ó rí róbótó bí àgbálùmọ̀, tí ẹ̀gún bò bí òòrẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì wà lábẹ́ ikùn, tí ó fi ń họ ewéko jẹ lórí àpáta. Láti ọdún 2013 ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ara àwọn ìràwọ̀ òkun, ẹranko tí ó rí bí ìràwọ̀, tí ń pa á jẹ, máa jẹrà. Kò pẹ́ ni òkun tún gbóná láti 2014 sí 2016, bẹ́ẹ̀ omi tútù ni kelp fẹ́. Ohun tí ó lé ní ìdá 90 nínú 100 igbó náà ni ó lọ. Èyí tí ó bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni pé ebi kì í tètè pa sea urchin: inú rẹ̀ á gbẹ, á sì máa dúró de ewé tuntun fún ọdún púpọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òmùwẹ̀ ní Palos Verdes, nítòsí Los Angeles, fi ń mú òòlù wọnú òkun láti fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kelp sì tún ń hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Síbẹ̀, lílé ọ̀tá lọ nìkan lè má tó. Ní Sydney, Ọsirélíà, crayweed, tí ó jẹ́ ìbátan kelp, pòórá ní etíkun tí ó tó 70 kìlómítà, àwọn onímọ̀ sì gbà pé omi ẹ̀gbin ìlú ni ó pa á ní àwọn ọdún 1980. Omi náà mọ́ padà, ewéko kò hù, nítorí kò sí ìyá nítòsí tí yóò bí òmíràn. Láti 2011 ni wọ́n ti ń kó akọ àti abo rẹ̀ wá láti ibi tí ó ṣẹ́kù sí, tí wọ́n ń fi àwọ̀n so wọ́n mọ́ àpáta, kí ọmọ wọn lè tàn kálẹ̀.

Bí ẹlòmíràn nínú kíláàsì bá sì bèèrè bóyá a lè gbìn ín sí etíkun Èkó, kò ṣeé ṣe: omi wa gbóná jù fún un.