Wọ́n fagi lé bàálù mi, mo sì ti gba owó mi padà: ṣé ó parí nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Peckham ni mò ń gbé. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí èmi àti àwọn ọmọ mi méjì wọ bàálù ní Heathrow lọ sí Èkó, nítorí Sátidé la fẹ́ sin bàbá mi. Alẹ́ Ọjọ́rú ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé pé wọ́n ti kánsù rẹ̀, pé ara awakọ̀ kò yá, kí n tẹ ibì kan kí owó mi lè padà. Mo sáré tẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn tí mo rà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ṣé mo ṣì lè rí nǹkan gbà?

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ̀yìn wọn á dára.

Kò tíì parí rárá. Owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀, owó gbà-máà-bínú lọ́tọ̀. Òfin UK261 de gbogbo bàálù tó bá ń gbéra ní Brítéènì, ì báà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti Nàìjíríà. Ẹni tí wọ́n fagi lé bàálù rẹ̀ nígbà tó ku ọ̀la, tí ọ̀nà rẹ̀ sì ju kìlómítà 3,500 lọ bíi ti Èkó, £520 ni tirẹ̀. Àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ bí ẹ bá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, £1,560.

Wọ́n á ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀bi àwọn. Ẹ má gbà. Ní 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Brítéènì dá a pé àìsàn awakọ̀ kì í ṣe ohun àràmàǹdà tí ilé-iṣẹ́ bàálù lè fi ṣe àwáwí. Ìjì líle ni tiẹ̀ yàtọ̀.

Ibi tí ẹ tẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti máa ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó pè mí. Ohun méjì ló yẹ kí wọ́n fi síwájú yín: owó yín, tàbí bàálù mìíràn tó máa tètè gbé yín débẹ̀, láìfi kọ́bọ̀ kún un, kódà bó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá ti gba owó, wọn ò jẹ ẹ́ ní ìjókòó, oúnjẹ tàbí hòtẹ́ẹ̀lì mọ́. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi sọ lórí fóònù nìyí: “Mi ò gba owó. Ẹ wá ìjókòó fún mi lọ́la, bí kò tiẹ̀ jẹ́ nínú bàálù yín.” Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ̀ àti aago tó lù sílẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn fúnra yín.

Ní tiyín, ẹ tún àtẹ̀jíṣẹ́ náà kà. Bí kò bá sọ níbì kankan pé ẹ lè yan bàálù mìíràn, ẹ béèrè ìyàtọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì kejì pẹ̀lú. Ó lè gba wàhálà díẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè.

Bí ẹ bá ń bọ̀ láti Èkó, bàálù Brítéènì àti ti Yúróòpù nìkan ni òfin yìí dè. Ti Nàìjíríà, NCAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù ní Nàìjíríà, lẹ máa fẹjọ́ sùn.

Ilé-iṣẹ́ bàálù ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá láìsí èsì gidi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alárinà wọn tàbí CAA, àjọ tó ń bójú tó bàálù ní Brítéènì. Ní England, ọdún 6 lẹ ní láti pè wọ́n lẹ́jọ́, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ sinmi ìnáwó bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ya fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lónìí, kí déètì àti aago hàn nínú rẹ̀. Oníbàárà mi kan bínú, ó pa tirẹ̀ rẹ́, ojú wa sì rí màbo kí a tó rí ẹ̀rí mìíràn.